Bí Pápá Bàálù Ṣe Máa Jókòó Láìfi Àlàfo Sílẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń To Kíìtì Ark Royal àti Illustrious

Ẹni tó bá ti to kíìtì, ìyẹn àwọn ẹ̀yà ike tí a ń lẹ̀ pọ̀ di ọkọ̀ kékeré, ti ọkọ̀ agbébàálù Gẹ̀ẹ́sì ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì rí mọ ibi tí iṣẹ́ náà ti máa ń bàjẹ́. Kì í ṣe nídìí àwọn bàálù wíńníwínní, kì í sì í ṣe nídìí òpó. Ibi tí pápá bàálù, ìyẹn orí ọkọ̀ tó tẹ́ tí bàálù ti ń gbéra, ti pàdé ara ọkọ̀ ni. Iwájú a jókòó, ẹ̀yìn a gbéra. Ẹ tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, àárín a wú. Nígbà tí gọ́ọ̀mù bá fi máa gbẹ, àlàfo dúdú kan á ti gùn láti iwájú dé ìdí ọkọ̀, kò sì sí ọ̀dà tó lè bò ó.

Lára ọkọ̀ Amẹ́ríkà bíi Essex, irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ṣì lè fara pamọ́, torí pé orí ara ọkọ̀ ni wọ́n gbé pápá náà lé, ẹ̀gbẹ́ yàrá bàálù abẹ́ rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Ti Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Lára Ark Royal tí wọ́n sọ sómi ní Birkenhead lọ́dún 1937, àti Illustrious tí wọ́n sọ sómi ní Barrow lọ́dún 1939, irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gòkè tààrà títí ó fi kan pápá, iwájú dí pa, pápá náà sì wà lára egungun tó gbé gbogbo ọkọ̀ ró. Ara kan náà ni wọ́n. Ní ìwọ̀n 1/700, mìlímítà kan dúró fún 70 sẹ̀ǹtímítà, nítorí náà àlàfo ìdajì mìlímítà péré jẹ́ ihò tí atukọ̀ lè yọ orí síta láti inú rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kí ẹ yanjú ọ̀rọ̀ pápá kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn, kódà bí ìwé inú páálí bá fi í sí ìparí. Ìwé náà ń ro bí iṣẹ́ ṣe máa yá ni. Kò ro ti àlàfo.

Kí ẹ tó rà á

Orúkọ ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì máa ń padà wá. Illustrious tí ilé iṣẹ́ Airfix ṣe ní 1/350 kì í ṣe ti ìgbà ogun rárá. Ọkọ̀ mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1982 ni. Ẹ wo àwòrán ara páálí dáadáa: bí iwájú pápá bá gbé sókè bí òkè tí wọ́n fi ń fò, kì í ṣe òun lẹ ń wá. Ti ìgbà ogun tí ọwọ́ lè tó ni Ark Royal ti Airfix ní 1/600, Ark Royal àti Illustrious ti Aoshima ní 1/700, àti Ark Royal ti Merit ní 1/350. Ti Airfix ti pẹ́ láyé, kò sì wọ́n, àmọ́ ẹ máa fá ike àṣẹ́kù kúrò létí rẹ̀ títí ó fi máa sú yín. Ti Aoshima kò ní apá tó ń wà lábẹ́ omi. Ark Royal gidi gùn tó mítà 244, nítorí náà yóò tó sẹ̀ǹtímítà 35 ní 1/700, 41 ní 1/600, àti nǹkan bí 70 ní 1/350. Ẹ wọn àyè orí tábìlì yín kí ẹ tó sanwó èyí tó kẹ́yìn yìí.

Ohun tí ẹ nílò

- Píláyà kékeré tó ń gé ike láìfi kùkùté sílẹ̀, àti ọ̀bẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó pẹ̀lú bíléèdì tuntun
- Sáńpépà 400, 600 àti 1000, pẹ̀lú igi pẹlẹbẹ tí ẹ máa wé e mọ́
- Gọ́ọ̀mù tó ń yọ́ ike, oríṣi méjì: èyí tó ṣàn bí omi, tó ní búrọ́ọ̀ṣì nínú, àti èyí tó ki. Súpà gúlúù wà fún àwọn irin wẹ́wẹ́ tí ẹ bá rà lọ́tọ̀ nìkan
- Ike pẹlẹbẹ tó nípọn tó mìlímítà 1
- Dígí tó tẹ́ dáadáa, tó gùn ju pápá yín lọ
- Tọ́ọ̀ṣì kékeré tó lè wọ inú ọkọ̀, tàbí iná fóònù
- Téèpù pépà, rọ́bà, pẹ́ẹ̀gì aṣọ mélòó kan
- Pọ́tì ike tí a fi ń dí àlàfo, ọ̀dà ìpìlẹ̀ aláwọ̀ eérú, àti àwọn ọ̀dà tó kù
- Àwòrán ọkọ̀ gidi tó ní oṣù àti ọdún lára

Ẹ má fojú kéré èyí tó gbẹ̀yìn. Òun ló máa parí ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn nígbà tó bá kan ọ̀dà àti bàálù.

1. Ẹ yẹ pápá àti ara ọkọ̀ wò bóyá wọ́n ti wọ́

Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ gbogbo ike náà, torí òróró tí wọ́n fi yọ ọ́ nínú mọ́ọ̀dù kì í jẹ́ kí ọ̀dà mú. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ gé pápá kúrò lára férémù rẹ̀, ẹ fá etí rẹ̀ mọ́, kí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí dígí. Ẹ fi ìka kan tẹ igun kọ̀ọ̀kan. Bí igun kan bá lọ sílẹ̀ tí òdìkejì rẹ̀ gbéra, pápá náà ti wọ́.

Èyí kò le láti tún ṣe. Ẹ da omi tó gbóná débi pé ọwọ́ kò lè pẹ́ nínú rẹ̀ sínú àwo gígùn, ẹ fi pápá sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ gbé e sórí dígí, ẹ fi ìwé tó wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi tutù pátápátá. Ẹ tún un ṣe bí kò bá tíì tẹ́.

Ṣọ́ra: omi tó ń hó kò dára, ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun náà kò dára. Àwọn méjèèjì máa ń yọ́ etí kí àárín tó rọ̀. Ẹ má sì fi kíìtì sílẹ̀ nínú mọ́tò tí wọ́n páàkì sínú oòrùn. Ọ̀pọ̀ pápá tó wọ́ ni kò wọ́ láti ilé iṣẹ́.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ gbé pápá sórí dígí, kí ẹ gbìyànjú láti ti ìwé pélébé kan bọ abẹ́ etí rẹ̀ yíká. Bí kò bá wọlé níbì kankan, ẹ kọjá.

2. Ẹ fún ara ọkọ̀ ní ìdábùú

Ibí yìí ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀, ibí yìí náà ni ẹ ti lè parí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gùn, ó ga, kò sì nípọn. Bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ra níwájú àti lẹ́yìn nìkan, àárín rẹ̀ á máa fì: ó lè fà wọnú, ó sì lè bẹ́ síta. Pápá kò ní agbára láti fà á bọ̀ sípò. Gọ́ọ̀mù náà kò ní.

Ẹ dojú pápá délẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ máa rí ilà tàbí bèbè kékeré tó fi ibi tí etí ara ọkọ̀ máa kàn hàn. Ẹ wọn bó ṣe fẹ̀ láàárín bèbè ọ̀tún àti ti òsì ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún márùn-ún láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ẹ sì kọ iye náà sára ike níbẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù. Ẹ yọ ìlọ́po méjì bí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ṣe nípọn tó kúrò nínú iye kọ̀ọ̀kan. Ohun tó kù ni gígùn ìdábùú tó máa wà níbẹ̀.

Ẹ gé àwọn ìdábùú náà lára ike pẹlẹbẹ. Ẹ lẹ ara ọkọ̀ pọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, kí ẹ tó máa fi ìdábùú sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí orí ìdábùú rẹlẹ̀ ju etí ara ọkọ̀ lọ tó mìlímítà 2.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ níbí. Àwọn kan á gbé ìdábùú ga tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń ti pápá sókè, wọ́n á wá máa sọ pé kíìtì ni kò dára. Àwọn mìíràn á gé e gùn díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ "kó lè mú dáadáa", ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ á wá yọ síta ju pápá lọ. Bí ó bá di dandan kí ìdábùú ṣàṣìṣe, kó kúrú. Èyí tó kúrú ṣeé fi ike wẹ́wẹ́ kún. Èyí tó gùn ti fọ́ ìlà ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ná.

Ark Royal ní ìṣòro tirẹ̀: pápá rẹ̀ gùn kọjá ara ọkọ̀ lẹ́yìn, etí rẹ̀ sì tẹ̀ wálẹ̀. Ẹ fi ìdábùú kan sí ìdí gan-an, níbi tí ara ọkọ̀ parí sí, torí ibẹ̀ ni apá tó yọ síta yẹn á ti máa fa gbogbo rẹ̀ wálẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fi wákàtí 24 sílẹ̀ kí gọ́ọ̀mù gbẹ. Ẹ wá gbé rúlà irin sórí etí méjèèjì ní ibi kọ̀ọ̀kan tí ẹ wọ̀n. Kò gbọdọ̀ fì, kò sì gbọdọ̀ kan ìdábùú.

3. Ẹ gbé pápá lé e láìfi gọ́ọ̀mù sí i, kí ẹ tan iná sínú rẹ̀

Ẹ gbé pápá lé ara ọkọ̀, ẹ fi téèpù pépà dè é ní ibi mẹ́ta. Ẹ ki tọ́ọ̀ṣì sínú ọkọ̀ láti abẹ́ rẹ̀, tàbí láti ojú ihò lífíìtì tó ń gbé bàálù gòkè láti yàrá abẹ́ pápá. Ẹ pa iná yàrá.

Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ ni àlàfo wà. Ojú ọ̀sán kì í fi í hàn. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì síbẹ̀ lára ọkọ̀, ẹ tú pápá, kí ẹ wo ohun tó ń gbé e. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti yọ ni ẹ̀ṣẹ̀ wà; ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni. Kùkùté ike kékeré kan, tàbí bèbè abẹ́ pápá tó ga jù, ló gbé gbogbo agbègbè náà sókè. Ẹ fi sáńpépà 400 tí ẹ wé mọ́ igi fá ibi tó ga, ẹ tún gbé e lé e, ẹ tún tan iná. Kí ẹ máa fá díẹ̀díẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń súni, àmọ́ wákàtí kan níbí ló máa gbà yín lọ́wọ́ ọjọ́ mẹ́ta pọ́tì.

Ẹ má ṣe fi rọ́bà fún un pa níbi àyẹ̀wò yìí. Rọ́bà tó le máa ti ìmọ́lẹ̀ pa, ẹ̀yin á rò pé ó ti jókòó. Ní ọjọ́ tí ẹ bá tú rọ́bà, yóò là.

*Àyẹ̀wò:* Bí ẹ bá fi ìka méjì péré tẹ pápá díẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ sì kú yíká, ó ti tó.

4. Ohun tí ẹ kò ní lè kùn mọ́ lẹ́yìn èyí

Ọkọ̀ ojú omi kéékèèké tí àwọn atukọ̀ fi ń lọ sí èbúté wà nínú àwọn ihò tí wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ọkọ̀ yìí. Ẹ kun inú àwọn ihò náà báyìí, kí ẹ fi ike dúdú dí ẹ̀yìn wọn kí ojú má bàa rí inú ọkọ̀ tó ṣófo.

Ẹ ṣèpinnu nípa lífíìtì náà. Ark Royal ní mẹ́ta, Illustrious ní méjì. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀kan wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú bàálù lórí rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi ike ṣe ògiri àti ilẹ̀ yàrá bàálù sí abẹ́ ihò rẹ̀, kí ẹ kùn ún. Bí ẹ kò bá fẹ́ wàhálà, ẹ lẹ gbogbo lífíìtì mọ́ pápá kí wọ́n dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ gbé pápá lé e, kí ẹ wo inú gbogbo ihò láti ẹ̀gbẹ́. Ike tí a kò kùn kò gbọdọ̀ hàn.

5. Ẹ lẹ pápá

Láti iwájú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Iwájú àwọn ọkọ̀ yìí dí pa, ojú gbogbo ènìyàn sì máa ń lọ síbẹ̀ kọ́kọ́. Bí àṣìṣe kékeré kan bá ṣẹ́kù, ẹ lé e lọ sẹ́yìn, níbi tí pápá ti yọ síta tí òjìji á ti bò ó.

Ẹ mú sẹ̀ǹtímítà márùn-ún àkọ́kọ́. Ẹ fi ìka di pápá mú kó kan ara ọkọ̀, ẹ fi orí búrọ́ọ̀ṣì gọ́ọ̀mù olómi kan ibi ìpàdé náà láti inú bí ọwọ́ bá wọ ibẹ̀, tàbí láti abẹ́ etí. Gọ́ọ̀mù náà á sá lọ fúnra rẹ̀. Ẹ kà dé 60, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ títí ike tó yọ́ á fi fà jáde bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́. Ìlà yẹn dára. Òun ló máa di ojú àlàfo. Ẹ ṣe ọ̀tún àti òsì kí ẹ tó lọ síwájú, kí pápá má bàa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi téèpù dè é, ẹ lọ sí sẹ̀ǹtímítà márùn-ún tó kàn.

Ìkánjú ló ń ba ibí yìí jẹ́. Ẹni tó bá ta gọ́ọ̀mù yíká lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì fi pẹ́ẹ̀gì ogún há a mọ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ á tẹ̀ níbi tí pẹ́ẹ̀gì ti há a, ike tó rọ̀ á sì gba àmì ẹnu pẹ́ẹ̀gì. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ má ṣe lo súpà gúlúù níbí pẹ̀lú. Kì í fúnni láyè àtúnṣe, ó sì le ju ike lọ nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi sáńpépà fá a.

Bí gọ́ọ̀mù bá kán sórí pápá, ẹ má nù ún. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Nínù ún ló ń ba ìlà ara pápá jẹ́.

*Àyẹ̀wò:* Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ tú gbogbo téèpù, ẹ di ọkọ̀ mú ní iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ yí i díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ìró "ta", ibì kan ti là. Ẹ wá a rí kí ẹ tún un lẹ̀.

6. Ẹ pa ojú ìpàdé náà rẹ́

Ẹ lẹ téèpù pépà sórí pápá, kó jìnnà sí etí ní mìlímítà kan, kí sáńpépà má bàa jẹ àwọn ìlà orí rẹ̀. Ẹ fá ike tó fà jáde pẹ̀lú ọ̀bẹ, kí ẹ tó fi 600 tẹ̀ lé e, kí ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lú 1000 tí ẹ ti rẹ sínú omi.

Àlàfo tó ṣẹ́kù ni kí ẹ fi pọ́tì dí. Kí ẹ fi í díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì, torí pọ́tì máa ń sún nígbà tó bá ń gbẹ. Pọ́tì tó fojú jọ èyí tó gbẹ lálẹ́ òní lè wọnú di kòtò tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí àlàfo bá fẹ̀ ju ìdajì mìlímítà lọ, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pọ́tì rárá. Ẹ gé ike tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tì í wọlé, ẹ fi gọ́ọ̀mù olómi kàn án, ẹ fá a nígbà tó bá gbẹ.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fín ọ̀dà ìpìlẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ tàn án gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lọ, kì í ṣe kó dojú kọ ọ́. Ojú ìpàdé tó bá ṣì wà á ní òjìji. Ẹ padà sí pọ́tì títí òjìji náà kò fi ní sí mọ́.

7. Ọ̀dà

Kò sí àwọ̀ Ark Royal kan ṣoṣo, kò sì sí ti Illustrious. Ẹ yan oṣù kan, kí ẹ sì dúró tì í. Eérú ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀: àwọn ọ̀dà ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ máa rí lórí ìgò ni 507A tó dúdú, 507B tó wà láàárín, àti 507C tó mọ́lẹ̀. Àwòrán dúdú àti funfun lè sọ èyí tó dúdú àti èyí tó mọ́lẹ̀ fún yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àwòrán ara páálí jà yín níyàn.

Irin ni pápá, kì í ṣe pákó. Ẹni tó ti to ọkọ̀ Amẹ́ríkà rí ni èyí máa ń mú: á kun pápá ní àwọ̀ pákó, á sì fa ìlà pákó sí i. Eérú tó dúdú ni kí ẹ lò, kí ẹ sì kùn ún ṣáájú ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, torí ó rọrùn láti fi téèpù bo pápá tó tẹ́ ju ẹ̀gbẹ́ tó kún fún ihò lọ.

Bí ẹ bá wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn lásìkò òjò, ẹ má fín fáníìṣì lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá tutù rinrin. Á funfun lójú, kò sì ní lọ mọ́.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ṣí téèpù nígbà tí ọ̀dà kò tíì le pátápátá. Etí tó gún rẹ́gí láàárín pápá àti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni ẹ̀rí pé ìpele 5 àti 6 yọrí sí rere.

8. Ilé ìdarí, òpó, bàálù

Ilé ìdarí àti ibọn kò le. Ẹ tẹ̀ lé ìwé. Ibi tí ìwé kì í sọ tó ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí.

Ark Royal kò ní rédà rí títí ó fi rì ní November 1941. Bí ẹ bá rí irin wẹ́wẹ́ rédà nínú àpò tí ẹ rà lọ́tọ̀, ti ọkọ̀ mìíràn ni. Illustrious ní tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1940.

Àwọn òpó rédíò tó wà létí pápá máa ń wó lọ síta, kí bàálù lè rí àyè fò. Bí ẹ bá to àwọn bàálù Swordfish sórí pápá láti gbéra, ẹ wó àwọn òpó náà. Bí ẹ bá fẹ́ kí òpó dúró ṣánṣán, kí pápá ṣófo, tàbí kí bàálù wà níbẹ̀ pẹ̀lú apá tí wọ́n ká. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó dára ni mo ti rí tó gbé méjèèjì pọ̀.

Apá Swordfish méjì, ọ̀kan lórí ìkejì, gùn ní sẹ̀ǹtímítà 2 ní 1/700. Ẹ kun gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó lẹ apá òkè, torí búrọ́ọ̀ṣì kì í wọ àárín wọn mọ́. Ní ti ohun ìjà abẹ́ wọn, ọjọ́ tí ẹ yàn ló máa sọ ọ́. Àwọn 15 tó gbéra lára Ark Royal ní ìrọ̀lẹ́ 26 May 1941 láti lọ kọlu Bismarck, ọkọ̀ ogun Jámánì, gbé tọpídò, gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n nínú 21 tó ti Illustrious lọ sí Taranto, èbúté ọkọ̀ ogun Ítálì, ní òru 11 November 1940, 11 péré ló gbé tọpídò. Bọ́ǹbù àti iná àfitànmọ́lẹ̀ ni àwọn yòókù gbé. Bàálù Fulmar wà lórí ọkọ̀ méjèèjì nígbà tí à ń sọ yìí. Bàálù Corsair kò sí lórí Ark Royal láé. Illustrious ló gbé e, ìyẹn sì di ìgbà tí ogun ti jìnnà.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ gbé àwòrán ọkọ̀ gidi sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ yín, kí ẹ ka òpó, lífíìtì àti oríṣi bàálù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe é kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù lẹ bàálù mọ́ pápá, torí ẹsẹ̀ Swordfish máa ń kán bí ẹ bá fẹ́ ṣí i.